Nọ́ńbà Náà Kò Yí Padà: Lórí Òróró Olóòórùn àti Èémí Màmá Mi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ń fọ abọ́, á yọjú. Bí mo bá jókòó sínú ọkọ̀, á tún yọjú. Kí ló fúyẹ́ lára Màmá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an? Wọ́n ti fa oògùn wọn sínú kí òróró olóòórùn tó dé. Ẹ̀rọ tí a fi há wọn níka, èyí tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kò sọ pé nǹkan kan yàtọ̀. Síbẹ̀ nǹkan kan yàtọ̀, ojú mi ló ṣe, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé mo kàn rò ó ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ síta ni pé ìgò kékeré yẹn ti wọ ilé púpọ̀. Yukalíptọ́ọ̀sì, pẹpamíǹtì, lafẹ́ńdà: wọ́n ń tà á lórí Instagram, wọ́n ń tà á lọ́jà, ohùn àwọn tó ń polówó rẹ̀ sì ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sórí òmíràn pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní òórùn dídùn lásán ni. Ohun tí mo rí kò bá ti àwọn olówò mu, kò sì bá ti àwọn tó ń fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn mu.

Alẹ́ tí iná lọ

Ẹja yíyan ni Màmá mi tà, òun náà ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa. Wọn kò fẹnu kan sìgá rí. Èéfín igi ni wọ́n ń fà sínú láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, lábẹ́ àtíbàbà tí èéfín ti pa páànù rẹ̀ láró. Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní COPD ni wọ́n bá lára wọn: àwọn ọ̀nà èémí inú ẹ̀dọ̀fóró ti dín, atẹ́gùn tó bá wọlé kì í rọrùn láti jáde. Ẹni tó bá ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé mọ ìyókù.

Alẹ́ ọjọ́ náà, ooru mú, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń tú èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé wa. Màmá dìde lọ sí balùwẹ̀. Kí wọ́n tó padà dé etí bẹ́ẹ̀dì, èémí ti ń gé mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n jókòó, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. A lo ìnhélà pẹ̀lú ike rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ọsibítù. Mo ki ẹ̀rọ bọ̀ wọ́n níka, ó ka 89 nínú 100. Fún èmi tàbí ẹ̀yin, 89 kò dára. Ní tiwọn, dókítà ti sọ pé àárín 88 sí 92 ni kó máa wà, nítorí pé ọ́síjìn àpọ̀jù lè pa irú wọn lára. Nítorí náà, nọ́ńbà náà wà níbi tó yẹ kó wà. Màmá mi ni kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ẹ̀rù wà lójú wọn, wọn kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kí wọ́n tó tún gbé ẹnu sókè wá afẹ́fẹ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń gbé lókè ilé wa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n gbọ́ ìró wa, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ìnhélà ńkọ́?" Mo ní a ti lò ó. Wọ́n wo ẹ̀rọ. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ètè Màmá àti èékánná wọn bóyá ó ti ń dúdú. Wọ́n gbé etí lé àyà wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yọ ìgò kékeré kan nínú àpò, wọ́n kán ẹ̀kán kan péré sórí aṣọ ìnujú, wọ́n nà án síwájú Màmá, ó jìnnà sí imú wọn díẹ̀. Wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ń fẹ́ ẹ sí wọn lójú. "Màmá, ẹ má bá a jà. Ẹ su ẹnu yín jọ, kí ẹ máa fẹ́ ẹ síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná."

Màmá ń fẹ́ ẹ. Ó ṣe díẹ̀, èjìká wọn wálẹ̀. Ó tún ṣe díẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti ń fúyẹ́, ọmọ mi. Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì." Odidi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ parí nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní balùwẹ̀.

Mo wo ẹ̀rọ: 89.

Mo na ọwọ́ Màmá sí Àǹtí Nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n wò ó, nọ́ńbà ò yí padà. Wọn ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà kọ́ ni mo ṣe é fún. Màmá ni mo ṣe é fún."

Ohun tí TomTom ń ṣe nínú imú

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sídìí ìwé. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò: ẹ fi TomTom kan sẹ́nu, ẹ mu ún díẹ̀, kí ẹ wá fa èémí sínú. Atẹ́gùn á tutù wọlé, á ṣe yín bíi pé imú yín ti ṣí gbayawu. Kò ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1983, Ron Eccles àti ẹnìkejì rẹ̀ ní yunifásítì ìlú Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, fún àwọn èèyàn ní menthol fín sínú, ìyẹn ohun tó ń tutù nínú pẹpamíǹtì, nínú TomTom, àti nínú Robb tí gbogbo ilé ní. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bí atẹ́gùn ṣe ń rí ọ̀nà gba imú wọn sí, ṣáájú àti lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn ní àwọn ti ń mí dáadáa sí i. Ẹ̀rọ ní imú wọn wà bó ṣe wà.

Ẹ̀rọ sọ tirẹ̀, èèyàn sọ tirẹ̀, bíi ti yàrá wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó sì fà á ti yé àwọn onímọ̀ báyìí. Iṣan kan wà tó pín ká ojú, imú àti ẹnu, òun ló ń gbọ́ òtútù àti ooru tó ń ròyìn fún ọpọlọ. Bí atẹ́gùn bá ń kọjá nínú imú, ó máa ń tu ibẹ̀ lára, ìtutù yẹn sì wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ní 2002, ikọ̀ David Julius àti ikọ̀ Ardem Patapoutian ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, rí ohun tí iṣan náà fi ń gbọ́ òtútù. TRPM8 ni wọ́n ń pè é. Òtútù gidi ń jí i, menthol náà ń jí i, ọpọlọ kò sì mọ èwo ló jí i nínú méjèèjì. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì lórí bí ara ṣe ń mọ ooru, òtútù àti ìfọwọ́kàn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2021.

Imú ṣì nìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Ní Japan, ní 1997, Nishino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn tí ara wọn le, wọ́n mú kí mímí nira fún wọn, wọ́n sì fún wọn ní menthol fín. Ìnira náà dín kù. Òórùn èso sitirọ́bẹ́rì tí wọ́n fi dán ìyẹn wò kò ṣe é. A jẹ́ pé kì í ṣe òórùn dídùn ṣáá ni. Ní 2020, ikọ̀ Kanezaki, ní Japan bákan náà, gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní COPD, ìnira tiwọn náà sì rọ̀ díẹ̀. Àwọn ìdánwò kékeré nìwọ̀nyí, mi ò ní fi wọ́n búra. Ṣùgbọ́n wọ́n tó láti jẹ́ kí n mọ̀ pé Màmá kò fi ìtura yẹn tàn mí jẹ.

Èyí tó mú inú mi dùn jù ni ti abẹ̀bẹ̀. Ní 2010, Sarah Galbraith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England fún 50 aláìsàn tí èémí ń ni lára ní fáànù kékeré tí à ń mú lọ́wọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fẹ́ ẹ sójú fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n sì fẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Èyí tó lọ sójú ló mú èémí rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Iṣan kan náà ni atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ àti pẹpamíǹtì jọ ń kàn. Àwọn àgbà wa ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn, bí oòrùn bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé màá rí ọjọ́ tí màá jókòó ti ẹni tó ń fi gbogbo ara bẹ̀bẹ̀ fún èémí, tí abẹ̀bẹ̀ gidi á sì bá a bẹ̀ ẹ́.

Ṣé ẹ̀tàn ni?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ní, "Ẹ̀tàn ni nígbà náà. Ọpọlọ Màmá lẹ tàn jẹ." Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn, mi ò gbà.

Ẹ wo bí COPD ṣe ń ṣe èèyàn. Atẹ́gùn tó ti wọlé kì í tíì jáde tán tí òmíràn á fi dé. Bí ẹ̀rù bá ba aláìsàn, á máa mí kíákíá. Bó bá ń mí kíákíá, àyè tó ní láti mí síta á tún kéré sí i. Atẹ́gùn tó há sínú á pọ̀, àyà á kún dé góńgó, tuntun kò ní ríbi wọ̀. Ìyẹn á dá kún ẹ̀rù, ẹ̀rù á tún lé èémí. Bí nǹkan kan bá wá lè ṣẹ́ ẹ̀rù yẹn lápá, èémí á falẹ̀, èyí tó há sínú á rọ́nà jáde. Ohun tó bá ojú ló bá imú, ohun tó sì bá ọkàn ló ń bá ẹ̀dọ̀fóró. Ara gidi ni ìtura yẹn ti ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ ló gbà wọlé.

Ohun kejì ni èyí tí mo rò pé ó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ ìka ń kà. Kò ka ìnira. Ẹni tó ń mí nìkan ló lè sọ bó ṣe ń ni òun lára tó. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà, American Thoracic Society, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1999 pé ìnira mímí jẹ́ ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń mọ̀ lára, tí ara, ọkàn, ilé àti àyíká rẹ̀ jọ ń dá sí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí kílíníkì kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, tí Màmá ń ṣàlàyé fún dókítà ọ̀dọ́ kan pé òru kì í dáa fáwọn. Ó ki ẹ̀rọ bọ̀ wọ́n níka, ó wò ó, ó ní, "Màmá, ọ́síjìn yín dáa, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan." Màmá dákẹ́. Wọ́n tún ìró wọn so. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti sọ bí òru ṣe ń rí fún dókítà kankan mọ́, àfi bí èmi bá sọ ọ́. Ìyàwó ilé, ìyá ọlọ́jà, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ ìgbà tí ẹja jinná àti ìgbà tí kò tíì jinná láìwo aago, ni wọ́n wá ń sọ fún pé kò mọ ohun tó ń ṣe é nínú àyà ara rẹ̀. Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà kan náà, wọ́n tún wo ojú Màmá, wọ́n sì gba ojú náà gbọ́.

Ibi tí ìgò náà kò lè dé

Mo ti gbè fún ìgò yẹn tó báyìí, ó wá yẹ kí n sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Kò ń fọ ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀nà èémí tí èéfín ti bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òórùn kankan kò lè tún un ṣe. Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí iṣẹ́ ìwádìí kan láti Jámánì, òótọ́ sì ni iṣẹ́ náà: Worth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Wọ́n fún àwọn tó ní COPD ní cineole, èròjà tó pọ̀ jù nínú òróró yukalíptọ́ọ̀sì. 242 ni àwọn aláìsàn náà, miligíráàmù 200 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù 6. Àìsàn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ru sókè lára àwọn tó lò ó bíi ti àwọn tí kò lò ó. Ohun tí àwọn olówò kì í sọ ni pé kápúsù tí wọ́n wọn èròjà inú rẹ̀ dáadáa ni wọ́n gbé mì, kì í ṣe òróró inú ìgò, wọn kò sì dá oògùn dókítà dúró. Ẹni tó bá tìtorí èyí gbé òróró yukalíptọ́ọ̀sì mu, májèlé ló mu. Ìwọ̀n díẹ̀ péré ti tó láti mú gìrì bá ọmọdé.

Òrí náà wà ńbẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń fi òrí sí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá dí, Tella tiẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1979 tó fi hàn pé òrí ń la imú tó dí. Imú nìyẹn, fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí mo ń rí nílé àwọn àgbàlagbà wa báyìí ni Robb tí wọ́n ń fi ìka tì bọ inú ihò imú lálaalẹ́ kí wọ́n tó sùn, ọdún ń gorí ọdún. Ọ̀rá tó wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ lè máa ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun, kó sì di irú òtútù àyà kan tí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn kì í wò. Màmá mi wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n ti jáwọ́. Àyà àti ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi pa báyìí. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni da òróró sínú nẹbuláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu fún aláìsàn láti fà sínú.

Ti ooru omi gbígbóná, gbogbo wa rántí 2020, ìgbà kòrónà, bí a ṣe ń bo aṣọ lórí sórí ìkòkò omi tí a ti já efinrin àti koríko ọba sí. Efinrin ní èròjà olóòórùn tí wọ́n ń pè ní thymol nínú lóòótọ́, òórùn rẹ̀ sì ń ta yọ. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti bó ọ̀pọ̀ èèyàn lára, pàápàá àwọn ọmọ tó ń sáré kiri, ooru rẹ̀ sì máa ń há àwọn bíi Màmá mi láyà dípò kó là wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni òórùn líle lè ru ásímà sókè. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tí wọ́n bá gbé aṣọ olóòórùn sún mọ́ ọn, ẹ gbé e kúrò, ara rẹ̀ ti fèsì nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ má fi menthol tàbí káńfọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ilé tí wọ́n bá ti ń lo ọ́síjìn, ẹ jẹ́ kí ìpara ọlọ́ràá jìnnà sí ojú aláìsàn nítorí iná.

Tùràrí ńkọ́, àti kọ́ìlì ẹ̀fọn? Èéfín ni. Òórùn tó bá gba inú iná jáde kì í ṣe ìtura fún ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn, ì báà ta sánsán dé ọ̀run.

Ìtura tó lè bo èèyàn lójú

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe òróró náà fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ewu rẹ̀. Ohun tó lè mú kí ọpọlọ rò pé afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò wọlé rárá. Bí ó bá jẹ́ pé 80 ni ẹ̀rọ kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ètè Màmá bá ti ń dúdú, bí oorun kan tí kò yé wa bá ń gbé wọn, aṣọ ìnujú yẹn ì bá kàn fi àkókò ṣòfò ni. Bí a tilẹ̀ ń sunkún, à á máa ríran. Ìdí nìyí tí mo fi ń ronú nípa bí Àǹtí Nọ́ọ̀sì ṣe tò ó: ìnhélà kọ́kọ́, ẹ̀rọ, ètè, èékánná, àyà, ìgbà yẹn ni òróró tó jáde nínú àpò. Ẹni tó bá mọ ètò yẹn lórí lè ní ìgò nílé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, mi ò fẹ́ kó rà á.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì ní àǹfààní àti tò ó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìnhélà kò sí ńbẹ̀. Ní 2023, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń kó ìnhélà wọ Nàìjíríà kéde pé òun ń kógbá sílé, ojú gbogbo wa ni owó ìnhélà ṣe fò sókè láti ìgbà náà. Mo mọ àwọn tó ń fi ọ̀kan tó yẹ kí wọ́n lò lójoojúmọ́ pamọ́ de ọjọ́ tí ó bá le. Ìgò òróró rọrùn láti rà ju ìnhélà lọ, ẹni tó ń tà á sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan, á sì gbé ìgò kejì lé wọn lọ́wọ́. Mi ò lè bá aláìsàn wí lórí èyí. Ẹni tó ń ta òróró fún un pé kó dá oògùn rẹ̀ dúró ni mo ń bá wí, mo sì ń bá a wí gidi.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn

Ní ọsibítù Christie ní Manchester, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ, wọ́n ń fún aláìsàn ní ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n fi òróró olóòórùn rin, kó máa fín in fúnra rẹ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já, tí kò rí oorun sùn, tàbí tí èébì bá ń gbé e. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, Stringer àti Donald, kọ nípa rẹ̀ ní 2011. Ohun tó wọ̀ mí lára níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn mọ̀ sí i, wọ́n sì ń béèrè bó ṣe ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń wà. Màmá mi kò sọ fún dókítà kankan pé àwọn ń ti Robb bọ imú, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé wọn á jágbe mọ́ àwọn. Bí ẹnì kan bá ti fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Màmá, kí lẹ máa ń lò tí ẹ bá délé?" wọn ì bá ti jáwọ́ tipẹ́.

Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú tó ń wá ìtura fún aláìsàn ní UCH. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ibi tí wọ́n ń gbé ẹni tó fẹ́ kú lọ ni. Ẹni tí èémí ń ni lára fún ọdún mẹ́wàá nílò irú ìtọ́jú yẹn láti ọdún kìíní: ẹni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ èémí síta, bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sójú, ẹni tó máa sọ fún un èyí tí òróró lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Owó abẹ̀bẹ̀ mélòó ni?

Igi ṣì ń jó

Àjọ ìlera àgbáyé ní COPD pa mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ní 2021. Nínú àwọn tó ń kú nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ẹni 70 ọdún, bíi 90 nínú 100 ló jẹ́ ará àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé fún, bíi tiwa. Sìgá ló ń fa púpọ̀ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Lọ́dọ̀ wa, èéfín ìdáná náà wà ńbẹ̀ gbọnmọgbọnmọ. Àwọn olùwádìí Ìbàdàn àti Chicago ti gbé ààrò onísípírítì fún àwọn aláboyún kan nínú 324 tí wọ́n kó jọ ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017 pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lò ó dára ju ti àwọn tó ṣì ń dá igi àti kẹrosín lọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, ṣùgbọ́n imú kan náà ni èéfín ń gbà wọlé dé ẹ̀jẹ̀ àti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá ló wà nídìí ẹja báyìí, lábẹ́ àtíbàbà kan náà, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó ti ń wúkọ́. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ní, "Àǹtí, kí n wá fi kí ni yan án?" Ìbéèrè tó yẹ ni. Ààrò kan wà tí wọ́n ṣe ní Thiaroye, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, pẹ̀lú FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, tó ń dín èéfín ẹja yíyan kù. Ààrò Chorkor ti Ghana ti wà ṣáájú rẹ̀, òun kì í jẹ igi púpọ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ. Mo ti rí wẹ́dà kan ní ọ̀nà ọjà tó ní òun lè ṣe é. Ó ní kí n mú àwòrán rẹ̀ wá pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n ibẹ̀, òun á wá sọ iye páànù tó máa gbà.